Ọkọ̀ Ìgbòkun Tòkunbọ̀: Nínú Mẹ́rin Yìí, Èwo Ló Bá Yín Mu?

Lọ́jọ́ tí mo sọ fún ìyàwó mi pé mo fẹ́ ra ọkọ̀ ìgbòkun, ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí: "Bàbá Tolú, níbo lẹ fẹ́ máa gbé e sí?" Ẹ̀rín ni mo fi dá a lóhùn. Mo ti wo àwòrán ọkọ̀ títí ojú mi fi pọ́n. Mo mọ gígùn rẹ̀, mo mọ ọdún tí wọ́n kàn án, mo mọ àwọ̀ aṣọ ìgbòkun rẹ̀, àmọ́ mi ò mọ ibi tó máa sùn. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rà á. Oníkíìlì kan ni, ìyẹn ọkọ̀ tí irin wíwúwo ẹyọ kan yọ sísàlẹ̀ rẹ̀, ibi ìsokọ̀ tí mo sì rí ní owó pọ́ọ́kú lẹ́bàá Gosport jẹ́ ibi tí omi ti máa ń fà tán lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ọkọ̀ mi dùbúlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ bí ẹni tó mu ẹmu yó. Nígbà tí omi padà dé, ó ti gba ẹ̀gbẹ́ wọlé kí ọkọ̀ tó rántí dìde.

Owó tí mo fi tún un ṣe ju owó tí mo fi rà á lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí fún àwọn ará wa tó ń gbé etíkun gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ń rí ọkọ̀ ìgbòkun lójoojúmọ́, tí wọ́n sì rò pé nǹkan olówó ni. Tuntun ni nǹkan olówó. Àwọn ọkọ̀ fáíbà tí wọ́n kàn láàárín ọdún 1965 sí 1985 kún gbogbo èbúté. Fáíbà kì í jẹrà bọ̀rọ̀, àmọ́ àwọn tó rà wọ́n ní tuntun ti darúgbó, àwọn ọmọ wọn ò sì fẹ́ ẹ. Owó mọ́tò tòkunbọ̀ lásán lè ra ọ̀kan. Òfin kò sì béèrè láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ ẹni tó ń wa ọkọ̀ kékeré ti ara rẹ̀ fún ìgbádùn lójú òkun níbí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ràn ẹ̀mí rẹ̀ máa kọ́kọ́ lọ ṣe kọ́ọ̀sì ọlọ́jọ́ márùn-ún ní ilé ẹ̀kọ́ tí RYA, ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ ìgbòkun ilẹ̀ Bìrìtéènì, fọwọ́ sí.

Ọkọ̀ mẹ́rin ni mo fẹ́ fi wéra: Corribee, Westerly Centaur, Contessa 26 àti Folkboat onípákó. Mo ti wọ gbogbo wọn. Mẹ́ta nínú wọn ni mo ti fojú ṣe bí ẹni máa rà.

Ẹ wo omi kí ẹ tó wo ọkọ̀

Omi òkun máa ń kún, ó sì máa ń fà, lẹ́ẹ̀mejì-mejì lójúmọ́. Ní Portsmouth, ní àkókò òṣùpá tuntun àti òṣùpá kíkún, ìyàtọ̀ láàárín ìkún àti ìfà máa ń tó nǹkan bíi mítà mẹ́rin. Ní Avonmouth lápá Bristol, ó máa ń lé ní mítà 12, ìyẹn gíga ilé alájà mẹ́ta sí mẹ́rin. Ẹni tó dàgbà sí ẹ̀bá ọ̀sà ní Èkó kò ní gbà á gbọ́ àfi tó bá fojú rí i: omi tí ẹ wẹ̀ nínú rẹ̀ láàárọ̀, ẹ ó fi bàtà rìn kọjá níbẹ̀ lọ́sàn-án.

Nítorí náà, oríṣi ibi ìsokọ̀ mẹ́ta ló wà. Ní màrínà, ẹ máa gba orí pákó wọnú ọkọ̀ yín pẹ̀lú bàtà gbígbẹ. Iná wà (kì í lọ), omi ẹ̀rọ wà, balùwẹ̀ wà. Mítà ni wọ́n fi ń ṣírò owó rẹ̀, ọkọ̀ mítà mẹ́jọ sì lè gbà ju £4,000 lọ lọ́dún kan ní etíkun gúúsù yìí. Èkejì ni bọ́ì nínú omi jíjìn, ìyẹn ohun tó léfòó, tí wọ́n dè mọ́ ìsàlẹ̀ omi, tí ẹ máa so ọkọ̀ mọ́. Ó dínwó ju màrínà lọ, ṣùgbọ́n ọkọ̀ rọ́bà kékeré lẹ máa fi wa ara yín débẹ̀, nínú òjò, pẹ̀lú ẹrù lórí itan. Ìkẹta ni ẹrẹ̀, ibi tí omi ti ń gbẹ. Pọ́n-ùn ọgọ́rùn-ún mélòó kan lè tó o fún odidi ọdún. Àmọ́ ẹni tó bá so ọkọ̀ síbẹ̀, aago omi ni yóò máa tẹ̀ lé, kì í ṣe aago ọwọ́ rẹ̀.

Ibi tí ẹ bá mú nínú mẹ́ta yìí ló máa sọ irú kíìlì tí ẹ lè rà. Kíìlì ni ohun wíwúwo tó yọ sísàlẹ̀ ọkọ̀ bíi lẹbẹ ẹja. Irin tàbí òjé ni, òun ni kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ dojú ọkọ̀ dé. Oníkíìlì kan máa ń wọ omi jìn, ó sì máa ń ṣubú tí omi bá gbẹ. Oníkíìlì méjì máa ń dúró bí ẹni tó fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀. Ti oníkíìlì gígùn, èyí tó nà láti apá iwájú dé ìdí, máa ń rìn ṣánṣán lójú òkun bí ẹni pé ó mọ ọ̀nà, ṣùgbọ́n ẹ gbìyànjú láti fi ẹ̀yìn wọlé ní màrínà pẹ̀lú rẹ̀, ẹ ó rí i pé òun ló ni ara rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ẹ tó máa bi ara yín léèrè iye ènìyàn tó máa sùn síbẹ̀, bí ẹ ṣe fẹ́ rìn jìnnà tó, àti bóyá ọwọ́ yín lè tú ẹ́ńjìn palẹ̀. Ní ti owó, ẹ pín in sí méjì: ìdajì fún ọkọ̀, ìdajì fún ohun tí ọkọ̀ máa béèrè lọ́dún àkọ́kọ́. Ẹni tó ra ẹṣin ti ra ìrù mọ́ ọn.

Corribee

Mítà 6.3 péré ni. Robert Tucker ló ya àwòrán rẹ̀, ẹ sì lè rí i ní oníkíìlì kan tàbí oníkíìlì méjì. Òun ni Ellen MacArthur, gbajúmọ̀ atukọ̀ ìgbòkun ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, fi ṣe ìrìn àjò ńlá rẹ̀ àkọ́kọ́: lọ́dún 1995 ló dá nìkan fi Corribee rẹ̀, Iduna, yí Bìrìtéènì po, ọmọ ọdún 18 sì ni nígbà tó gbéra. Nígbà tó fi máa di 2005 tó dá yí gbogbo ayé po láàárín ọjọ́ 71, inú ọkọ̀ ńlá mìíràn ló wà, kí ẹnikẹ́ni má lọ sọ pé èmi ni mo ní kó gbé Corribee lọ sí gúúsù ayé.

Èyí tí mo ti rí tí wọ́n ń tà kò ju £1,000 sí £3,000 lọ. Ẹ́ńjìn rẹ̀ kì í sábà sí nínú. Ó máa ń kọ́ sí ìdí ọkọ̀ bíi Yàmáhà àwọn ọlọ́kọ̀ wa nílé, agbára ẹṣin mẹ́rin sí mẹ́fà sì tó o. Bó bá bàjẹ́, ẹ ó tú u, ẹ ó gbé e sẹ́yìn mọ́tò lọ bá mẹkáníìkì. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé tí ìgbì bá gbé ìdí ọkọ̀ sókè, abẹ́ ẹ́ńjìn á máa lu afẹ́fẹ́, á máa ké, ẹ ò sì ní lọ ibì kankan, ó sì sábà máa ń jẹ́ ìgbà tí ẹ nílò rẹ̀ jù.

Ẹ ò lè dúró nínú rẹ̀. Ìjókòó ni gbogbo rẹ̀, ilé ìgbẹ́ sì lè jẹ́ garawa. Fún ẹnì kan, tàbí tọkọtaya tí kò tíì bímọ, ilé ìwé tó dára ni. Àṣìṣe inú rẹ̀ kò wọ́nwó: okùn rẹ̀ kúrú, aṣọ ìgbòkun rẹ̀ kéré, mọ́tò tó lágbára sì lè fi tírélà wọ́ ọ wálé nígbà òtútù, kẹ́ ẹ má sanwó fún ẹnikẹ́ni pé ó ń bá yín tọ́jú rẹ̀.

Westerly Centaur

Ẹ rìn láti Poole dé Chichester, ẹ ò lè ṣàìrí Centaur. Ilé-iṣẹ́ Westerly ló kàn án ní Waterlooville, nítòsí Portsmouth, láti 1969 títí di 1980, èyí tí wọ́n kàn sì lé ní 2,400. Ilé-iṣẹ́ Laurent Giles ló ya àwòrán rẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà 26 ni gígùn rẹ̀, mítà 7.9. Kíìlì méjì ló ní, omi tí kò tó mítà kan sì gbé e. Wọ́n ní ènìyàn mẹ́fà lè sùn nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, tí wọ́n bá fẹ́ràn ara wọn dáadáa. Mẹ́rin ni ti òótọ́. Ẹ lè dúró ṣe ọbẹ̀ láìtẹríba, ilé ìgbẹ́ sì ní ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá fẹ́ kí ìyàwó àti ọmọ tẹ̀ lé òun lẹ́ẹ̀kejì, kó má fojú kéré ilẹ̀kùn yẹn.

Kò yára. Tí afẹ́fẹ́ bá ń ti iwájú bọ̀, àwọn oníkíìlì kan á máa kọjá lára yín, wọ́n á sì juwọ́ sí yín pẹ̀lú ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n nínú àwọn oníkíìlì méjì ìgbà ayé rẹ̀, rírìn rẹ̀ wà lára àwọn tó dára jù, ó sì lágbára.

Ibi tí ẹ máa fojú sí jù lọ ni ibi tí kíìlì ti so mọ́ ara ọkọ̀. Ọkọ̀ tó ti ń dúró lórí ẹrẹ̀ fún ogójì, àádọ́ta ọdún, tí ìgbì ń gbé sókè tó ń já a lulẹ̀ nígbà gbogbo, ìdí kíìlì rẹ̀ ló ń jẹ ìyà náà. Ẹ ṣí pákó ilẹ̀ inú ọkọ̀, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì, ẹ wo àyíká orí bóòtù kíìlì: ṣé fáíbà ti là, ṣé omi ìpẹtà ń ṣàn níbẹ̀? Tí wọ́n bá fi kéréènì gbé e sókè, kí ẹnì kan ti ìsàlẹ̀ kíìlì sọ́tùn-ún sósì, kí ẹlòmíràn máa wo inú. Ohunkóhun tó bá mì, owó ni. Àwọn kan ti fún tiwọn lókun láti inú pẹ̀lú fáíbà tuntun. Tí ẹni tó ń tà á bá ní rìsíìtì iṣẹ́ náà, ẹ fi owó díẹ̀ kún un fún un, kò jẹ yín níyà.

Òrùlé inú rẹ̀ ńkọ́? Awọ tí wọ́n fi fóòmù sí lẹ́yìn ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Fóòmù yẹn ti kú, awọ náà sì ti ń já sílẹ̀ bí aṣọ ìkélé. Ó máa ń ba ènìyàn lẹ́rù, àmọ́ iṣẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni, kò ní ri ọkọ̀. Mo máa ń gbàdúrà kí n bá a bẹ́ẹ̀, nítorí pé òun ló ń lé àwọn tó fẹ́ bá mi dù ú.

Ẹ́ńjìn dísẹ́ẹ̀lì ló wà nínú rẹ̀. Volvo Penta ni ọ̀pọ̀ wọn bá wá láti ilé-iṣẹ́, agbára ẹṣin bíi 25. Omi òkun fúnra rẹ̀ ló ń tu irú ẹ́ńjìn bẹ́ẹ̀ lára, iyọ̀ sì ti ń jẹ ẹ́ láti inú. Kí ẹni tó ń tà á tó tan án, ẹ fọwọ́ kàn án. Tó bá ti gbóná kí ẹ tó dé, ẹ bi í léèrè ìdí tó fi ń gbóná. Dísẹ́ẹ̀lì tó dára gbọ́dọ̀ tan nígbà tó ṣì tutù. Àyípadà ẹ́ńjìn lè ju iye tí gbogbo ọkọ̀ ń lọ lọ, nítorí náà Centaur tí ẹ́ńjìn rẹ̀ kú kò yẹ kó gbà ju ìwọ̀nba owó lọ lọ́wọ́ yín, bó ti wù kí tìmùtìmù rẹ̀ mọ́ tó.

Contessa 26

Èyí ni ẹwà. David Sadler ló ya á láti ara Folkboat, Jeremy Rogers sì bẹ̀rẹ̀ sí í kàn án ní Lymington lọ́dún 1966. Tania Aebi, ọmọbìnrin ará Amẹ́ríkà, gbéra láti New York ní 1985 nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 18, ó sì padà síbẹ̀ ní 1987 lẹ́yìn tó ti fi Contessa 26 rẹ̀, Varuna, yí ayé po. Mítà 7.8 ni, kíìlì rẹ̀ gùn, ó sì ń fẹ́ omi bíi mítà 1.2. Nínú gbogbo ìwúwo rẹ̀, ohun tó lé ní ìdá méjì nínú márùn-ún ló wà nísàlẹ̀ nínú kíìlì. Tí afẹ́fẹ́ bá le, ó kàn máa fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, á dúró síbẹ̀, á máa lọ.

Kò sí àyè. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó kéré nínú ju Centaur lọ jìnnà bó tilẹ̀ jẹ́ pé gígùn wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ẹ ó sì máa tẹríba bí ẹni wọ ààfin. Omi máa ń fọ́n lu ojú ọkọ̀, ẹ ó tutù. Owó rẹ̀ sì ga ju ti Centaur lọ, torí pé orúkọ wà lára rẹ̀. Bóyá ó tọ́ sí owó náà? Fún ẹni tó fẹ́ kọjá sí ilẹ̀ Faransé tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, mo rò pé ó tọ́. Fún ẹni tó fẹ́ lọ jẹ ìrẹsì ní etíkun Isle of Wight lọ́jọ́ Sátidé kó sì padà wálé, owó ìnádànù ni.

Ẹ rìn lórí rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn pẹ̀lú bàtà pẹlẹbẹ. Níbi tí ilẹ̀ bá ti rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, omi ti wọ àárín fáíbà, igi inú rẹ̀ ti rà. Ìdí òòlù tí ẹ fi kan ibẹ̀ á dún bọ̀m-bọ̀m dípò kó dún kọ́-kọ́. Àyẹ̀wò yìí kan gbogbo ọkọ̀ fáíbà o.

Folkboat onípákó

Ilẹ̀ Scandinavia la ti bí i lọ́dún 1942, láti inú ìdíje. Tord Sundén ló pa àwọn àwòrán tó gbégbá orókè pọ̀ di ọ̀kan. Ọ̀kan tí Blondie Hasler tún ṣe, tó pè ní Jester, ló fi ṣe ipò kejì nínú ìdíje anìkantukọ̀ àkọ́kọ́ láti Plymouth sí New York ní 1960. Francis Chichester ló gba ipò kìíní.

Pákó rẹ̀ gun ara wọn bí páànù òrùlé, bàbà ni wọ́n sì fi kàn án. Ó wọ́pọ̀, kò wọ́n, ó sì lẹ́wà débi tí àwọn ènìyàn á máa dúró ya fọ́tò. Mo fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò fi rà á. Gbogbo ọdún ló fẹ́ ọ̀dà, gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ ló fẹ́ yín, òjò ló sì ń pa á ju òkun lọ, nítorí omi òjò tó bá dúró lójú kan ló ń jẹ́ kí pákó rà. Tí ẹ kò bá ní ọwọ́ káfíńtà, ẹ máa kọjá lọ.

Kí ẹ tó sanwó, àti lẹ́yìn tí ẹ bá san án

Fún ọkọ̀ tó bá ju £3,000 lọ, ẹ gba ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ni kó yẹ ọkọ̀ wò, kí ọkọ̀ sì wà lórí ilẹ̀ nígbà tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Tó bá rí ìléròrò kéékèèké lára fáíbà nísàlẹ̀, tí omi inú rẹ̀ ń rùn bíi fínígà, ẹ má sá. Àrùn ọjọ́ orí ni, kì í sábà pa ọkọ̀. Ẹ kàn fi já owó sílẹ̀. Ohun tí mo máa ń sá fún ni ihò abẹ́ omi tí fáàlù idẹ rẹ̀ ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú nígbà tí ẹ bá fi ọ̀bẹ ha á. Idẹ yẹn ti kú. Tó bá já lóru, ọkọ̀ ti rì kí ilẹ̀ tó mọ́. Kò wọ́nwó láti pààrọ̀ rẹ̀, nítorí náà òun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wáyà tó di òpó ìgbòkun mú. Irin tí kì í dípẹtà ni, ìṣòro rẹ̀ sì nìyẹn: kì í kìlọ̀ kó tó já. Ẹ fi àkísà nu ún láti òkè dé ìsàlẹ̀. Tí àkísà bá kọ́, ọ̀kan nínú àwọn okùn inú rẹ̀ ti já. Tó bá ti lé lọ́dún mẹ́wàá, àwọn oníṣòwò ìbánigbófò á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìgbà tí ẹ fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀. Tèmi ná mi ju £1,000 lọ, ó sì dùn mí wọ egungun.

Aṣọ ìgbòkun tuntun méjì lè ju owó Corribee lọ. Ẹ fi àtijọ́ rìn fún ọdún kan ná. Ẹ má fi ìdákọ̀ró ṣeré. Fún ọkọ̀ ẹsẹ̀ bàtà 26, kílò mẹ́wàá pẹ̀lú mítà 30 ṣéènì mílímítà 8 ni mo ń lò, mo sì ń sùn. Ẹ̀wù agbénilómi tó ní okùn ìdè, ọ̀kan fún orí kọ̀ọ̀kan, tuntun ni kẹ́ ẹ rà, èyí nìkan ni mi ò ní gba tòkunbọ̀ rẹ̀. Rédíò VHF tó ní bọ́tìnnì pupa ìpè pàjáwìrì ló tẹ̀ lé e. Ọ̀fẹ́ ni Ofcom, àjọ tó ń bójú tó ètò ìbánisọ̀rọ̀ ní Bìrìtéènì, ń fúnni ní ìwé àṣẹ rédíò ọkọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń lò ó gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò SRC, ìyẹn ìdánwò lílo rédíò ọkọ̀. Tẹlifíṣọ̀n ìtọ́nà aláwọ̀ mèremère tí wọ́n gbé sí ojú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù lè dúró. Mo ti rí ọkọ̀ tó ní méjì nínú rẹ̀, tí pọ́ǹpù omi rẹ̀ kò sì ṣiṣẹ́.

Ní ti ìwé: ẹ gba ìwé títà tí ẹni tó ń tà á fọwọ́ sí, àti ti àwọn tó tà á ṣáájú rẹ̀. Ìwé Small Ships Register kì í ṣe ẹ̀rí pé ẹnì kan ló ni ọkọ̀, ó kàn fi hàn pé ó forúkọ sílẹ̀ ni. Ẹ sì ṣọ́ra fún ọkọ̀ ọ̀fẹ́. Fáíbà kì í ṣe igi ìdáná. Ẹni tó ń fi ọkọ̀ tọrẹ lè máa sá fún owó tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀ láti bá a fọ́ ọ dànù.

Ta ló yẹ kó ra èwo?

Tí ẹ ò bá tíì mọ̀ bóyá òkun máa gbà yín, tí owó yín kò sì ju £4,000 lọ lápapọ̀, Corribee oníkíìlì méjì ni. Tó bá sú yín, ẹ ó tà á ní iye tó sún mọ́ iye tí ẹ rà á. Tí ẹ bá ní ọmọ, tàbí ẹrẹ̀ ni owó yín ká, kò sí ohun tó ju Centaur lọ, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìn àti ìdí kíìlì lẹ ń rà, kì í ṣe ọkọ̀. Contessa wà fún ẹni tó ti wa ọkọ̀ ẹlòmíràn fún ọdún méjì ó kéré tán, tó ní bọ́ì nínú omi jíjìn, tó sì fẹ́ sọdá. Folkboat, mo ti sọ ọ́: káfíńtà, tàbí ẹni tó fẹ́ di ọ̀kan.

Centaur ni mo rà lẹ́yìn èyí tó dùbúlẹ̀ yẹn, ẹrẹ̀ kan náà lẹ́bàá Gosport ló sì wà. Ìgbà tí omi ti fà tán ni ìyàwó mi kọ́kọ́ wá wò ó. Ó dúró ní bèbè, ó wo ọkọ̀ tó dúró gbọnran lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, kò sọ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní: "Ó dáa, Bàbá Tolú. Ilẹ̀kùn ilé ìgbẹ́ ńkọ́, ṣé ó ń tì?"